Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tàbí Ọ̀sẹ̀ Méje? Ìfiwéra Àwọn Ètò Ìtànṣán fún Jẹjẹrẹ Gògóńgò Tí A Tètè Rí

Ẹni mẹ́ta lè ní irú jẹjẹrẹ kan náà ní ojú kan náà nínú gògóńgò, kí wọ́n sọ fún èyí tó wà ní Manchester pé kó wá sábẹ́ ẹ̀rọ ìtànṣán nígbà 16, kí wọ́n sọ fún èyí tó wà ní Houston pé ìgbà 28 ni, kí èyí tó wà ní Èkó sì gbọ́ pé ìgbà 33 ni tòun. Nígbà tí ẹbí bá fi ọ̀rọ̀ wérọ̀ lórí fóònù, ẹnìkan á ní wọ́n ti rẹ́ ará Manchester jẹ, ẹlòmíràn á ní ṣe ni wọ́n fẹ́ fi ìgbà púpọ̀ gba owó lọ́wọ́ ará Èkó. Lóòótọ́ ni àwọn ètò wọ̀nyí yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní àkọsílẹ̀ tó gbè é lẹ́sẹ̀, iye ìgbà nìkan kò sì tó láti fi mọ èyí tó yẹ ẹnì kan. Aláìsàn àti ẹbí tí dókítà ti gbé ètò méjì tàbí mẹ́ta ka iwájú wọn ni mo kọ ìfiwéra yìí fún, àti àwọn tó fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Dókítà tó fi ojú ara rẹ̀ wo ọ̀fun náà ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Irú jẹjẹrẹ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn

Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ lórí tán-án-ná ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, ìyẹn àwọn iṣan méjì inú gògóńgò tó ń gbọ̀n kí ohùn tó jáde. Tó bá wà lórí tán-án-ná kan tàbí lórí méjèèjì, tí àwọn méjèèjì sì ń ṣí, tí wọ́n ń pa dé bó ti yẹ, T1 ni àwọn dókítà ń pè é. Tó bá ti gòkè tàbí tó ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí tán-án-ná sí ibòmíràn nínú gògóńgò, tàbí tí tán-án-ná náà kò lọ kó bọ̀ dáadáa mọ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì dúró gbọin, T2 ni. Nínú méjèèjì, kò gbọ́dọ̀ sí kókó jẹjẹrẹ kankan ní ọrùn. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti ju èyí lọ, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ lókè tán-án-ná níbi tó ti ń tètè ràn dé kókó ọrùn, ìtọ́jú tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn, kò sì yẹ kó fi àwọn nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ yìí díwọ̀n ara rẹ̀.

Oore kan wà nínú jẹjẹrẹ tán-án-ná: ó máa ń yọ ara rẹ̀ síta. Èyí tó kéré gan-an pàápàá ń mú kí ohùn há, nítorí náà ẹni tí ohùn rẹ̀ bá há fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ láì sí òtútù tàbí ikọ́ kankan tó fà á, kó lọ bá dókítà etí, imú àti ọ̀fun kó fi ẹ̀rọ wo inú ọ̀fun náà. Oore kejì ni pé àwọn ọ̀nà tó ń gbé omi ara lọ sí kókó ọrùn kò pọ̀ lórí tán-án-ná, jẹjẹrẹ ibẹ̀ kì í sì í tètè ràn. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi ta ìtànṣán sí gbogbo ọrùn nígbà T1 àti ọ̀pọ̀ T2. Ojú kékeré kan tó fẹ̀ tó bíi sẹ̀ńtímítà márùn-ún sí mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì ti tó.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ohun àkọ́kọ́ ni agbára ètò náà láti pa jẹjẹrẹ run níbi tó wà, kó má padà síbẹ̀. Nínú àrùn yìí, kí jẹjẹrẹ padà kò túmọ̀ sí ikú lọ́wọ́ kan, nítorí pé iṣẹ́ abẹ ṣì lè gba ẹni náà là. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ yẹn sábà máa ń jẹ́ kíkó gògóńgò jáde pátápátá, kí ẹni náà máa gba ihò tí wọ́n lu sí ọrùn mí, kí ohùn tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n láti kékeré sì lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá rí i tí ìwádìí kan sọ pé ètò méjì kò yàtọ̀ ní ti iye ẹni tó yè, ẹ má tíì gbà pé wọ́n dọ́gba. Ẹ wo iye ẹni tí gògóńgò wọn ṣì wà lọ́rùn wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ìnira tó ń bá ìtọ́jú rìn, èyí tó wá láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó sì lọ, àti èyí tó lè yọjú lẹ́yìn ọdún. Ẹ̀kẹta ni iye ọjọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ ìkẹyìn, èyí tí mo fẹ́ fẹ̀ lójú nísàlẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni owó: owó ilé ìwòsàn, owó ọkọ̀, owó ilé tí a máa sùn, àti owó iṣẹ́ tí a kò lè lọ ṣe. Èyí tó kẹ́yìn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí béèrè, ni bóyá ilé ìwòsàn náà lè ṣe ètò yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì já a láàárín.

Ìdí tí iye ọjọ́ fi ṣe pàtàkì

Ìtànṣán tí wọ́n bá ta lẹ́ẹ̀kan kì í pa gbogbo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Wọ́n ń pín in sí ìgbà púpọ̀ kí ẹran ara tó dára lè ráyè tún ara rẹ̀ ṣe láàárín ọjọ́ kan sí èkejì, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ṣẹ́ kù náà ń rí àyè yẹn lò. Bí èpò tí wọ́n ro láì fa gbòǹgbò rẹ̀ tu tí òjò wá rọ̀ lé lórí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yára pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ọdún 1988, Rodney Withers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ ìtọ́jú jẹjẹrẹ orí àti ọrùn láti ibi púpọ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé láti bí ọ̀sẹ̀ kẹrin síwájú, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ìtọ́jú bá fi gùn sí i ń fẹ́ àfikún bíi 0.6 Gray kí agbára rẹ̀ má bàa dín kù. Gray ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣírò. Ẹni tó bá máa gba 66 Gray nígbà 33, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, tó sì ń lọ ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọjọ́ karùndínláàádọ́ta, ìyẹn ọjọ́ 45, ni yóò parí. Ọjọ́ 17 tó fi kọjá ọ̀sẹ̀ kẹrin ti jẹ nǹkan bíi 10 Gray nínú rẹ̀, ó wá ku 56. Ẹni tó gba 63 Gray nígbà 28 parí ní ọjọ́ 38. Bíi 6 Gray ló bá ọjọ́ lọ, ó ku 57. Ẹni tó gba 55 Gray nígbà 20 parí ní ọjọ́ 26, kí òǹkà yẹn tó bẹ̀rẹ̀ rárá, gbogbo 55 rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ wò ó bí ìyàtọ̀ 11 Gray tó wà láàárín ẹni ìgbà 33 àti ẹni ìgbà 20 ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ìṣirò fẹ́ẹ́rẹ́ ni o, kò ka agbára tí ìwọ̀n ńlá lójúmọ́ tún ní fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n kò ní máa fi iye ìgbà lásán díwọ̀n ìtọ́jú mọ́.

Ètò kìn-ín-ní: 2 Gray lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀

Èyí ni ètò àtijọ́ tí gbogbo ilé ìwòsàn onítànṣán lágbàáyé mọ̀ ọ́n ṣe. T1 máa ń gba 66 Gray nígbà 33, T2 a gba 70 Gray nígbà 35, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àtàbọ̀ sí méje. Ìwọ̀n tó ń wọ ara lójúmọ́ kéré, nítorí náà ó rọ ẹran ara tó dára lọ́rùn, àṣìṣe kékeré nínú bí wọ́n ṣe tẹ́ aláìsàn sórí tábìlì kò sì ní dá wàhálà ńlá sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Gígùn rẹ̀ ni àléébù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje pọ̀ tó fún ọlidé kan tàbí méjì láti bọ́ sínú rẹ̀, fún ẹ̀rọ láti bàjẹ́, fún owó ọkọ̀ láti tán lọ́wọ́ ọmọ tó ń gbé bàbá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé òpin ètò náà, níbi tí ọjọ́ tó sọnù ti ń jẹ wá níyà jù, ni àárẹ̀ ti máa ń mú aláìsàn àti ẹbí. Lójú tèmi, ètò yìí kò yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́ yíyàn ẹnikẹ́ni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ jẹ́ T1, àyàfi tí ilé ìwòsàn kò bá ní òmíràn tí ọwọ́ wọn mọ́ dáadáa.

Ètò kejì: ìwọ̀n tó fi díẹ̀ ga lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ márùn-ún àtàbọ̀

Níbí, 2.25 Gray ni wọ́n ń fún aláìsàn lójúmọ́ dípò 2. T1 á gba 63 Gray nígbà 28, T2 á sì gba 65.25 Gray nígbà 29. Ìwádìí tó sọ ètò yìí di olókìkí wá láti Osaka ní Japan, tí Yamazaki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Láàárín ọdún 1993 sí 2001, wọ́n fi ìbò pín àwọn aláìsàn 180 tí wọ́n ní T1 sí ọ̀nà méjì: àwọn kan gba 2 Gray lójúmọ́, àwọn yòókù gba 2.25, àwọn tí jẹjẹrẹ wọn kéré lára tán-án-ná sì gba àpapọ̀ tó dín díẹ̀ ní ọ̀nà méjèèjì. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nínú ẹni 100 tó gba 2 Gray, 77 ni jẹjẹrẹ wọn kò padà sí gògóńgò; nínú ẹni 100 tó gba 2.25, wọ́n jẹ́ 92. Ìnira tó bá àwọn ọ̀wọ́ méjèèjì kò yàtọ̀. Iye tó kú nítorí jẹjẹrẹ náà kéré gan-an níhà méjèèjì, nítorí pé iṣẹ́ abẹ gba àwọn tí tiwọn padà là, ìdí pàtàkì sì nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ máa béèrè nípa gògóńgò, kí ẹ má dúró sórí ẹ̀mí nìkan.

Kò yẹ kí a ti ibi kan ṣoṣo gba ẹ̀rí. Ìdá 77 yẹn kéré ju ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń rí fún T1 lọ, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé apá kan nínú ìyàtọ̀ náà wá láti ibẹ̀. Ní Korea, wọ́n gbìyànjú irú ìwádìí kan náà fún T1 àti T2. Ẹni 156 péré ni wọ́n rí kí wọ́n tó dá a dúró nítorí pé aláìsàn kò tètè pọ̀ tó. Ohun tí wọ́n rí gba ọ̀nà kan náà, 77.8 sí 88.5 nínú 100, ṣùgbọ́n iye ẹni náà kò tó láti fi búra pé kì í ṣe oríire lásán. Lẹ́yìn náà ni Japan ṣe èyí tó tóbi jù, JCOG0701, tó jáde ní ọdún 2018: aláìsàn 370, T1 àti T2, 2.4 Gray lójúmọ́ nígbà 25 sí 27 ní ìfiwéra pẹ̀lú 2 Gray nígbà 33 sí 35. Ní ọdún kẹta, àwọn tí àrùn wọn kò tẹ̀ síwájú jẹ́ 81.7 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tó lo ètò kúkúrú, 79.9 lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ìṣirò wọn kò le tó láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ délẹ̀ pé ètò kúkúrú náà kò rẹlẹ̀ sí ti àtijọ́, èrè ńlá tí wọ́n rí ní Osaka kò sì fara hàn níbẹ̀. Bí mo ṣe kà á sí nìyí: ó ṣeé ṣe kí èrè ti Osaka pọ̀ ju bó ṣe rí gan-an lọ, ṣùgbọ́n nínú ìwádìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ibi tí ètò tó gùn ti borí. Ètò tó ń gbà wá là lọ́wọ́ ìrìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì láì fi ohunkóhun dù wá, kò sí ìdí láti kọ̀ ọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ètò yìí ni ọ̀pọ̀ dókítà ń kọ́kọ́ gbé jáde fún T1, ó sì ti di mímọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ètò kẹta: ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin

Ní Bìrìtìkó, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é kúkúrú: 50 sí 52.5 Gray nígbà 16 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí 55 Gray nígbà 20 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ilé ìwòsàn Christie ní Manchester àti Royal Marsden ní London tẹ àkọsílẹ̀ aláìsàn T1 igba jáde ní ọdún 2003, àwọn tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tọ́jú. Nínú ẹni 100, 93 ni jẹjẹrẹ wọn kò padà síbẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún. A gbọ́dọ̀ rántí pé wọn kò fi ìbò pín ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn ni, kò sì ní ìwúwo kan náà pẹ̀lú ti Osaka. Ṣùgbọ́n 93 kì í ṣe nọ́ńbà ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo ilé ìwòsàn kọ́ ló lè dà á ṣe. Bí ìwọ̀n ojoojúmọ́ bá ti di 2.75 Gray tàbí ju 3 lọ, ojú tí ìtànṣán ń bá gbọ́dọ̀ kéré, kó sì péye, torí pé ìwọ̀n ńlá lójúmọ́ ló máa ń ṣe egungun rírọ̀ gògóńgò àti àwọn ẹran tó yí i ká léṣe lẹ́yìn oṣù àti ọdún. Wọ́n á ri àwọ̀n ike kan sínú omi gbígbóná títí yóò fi rọ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ mọ́ ojú àti ọrùn aláìsàn, yóò sì le síbẹ̀ kó tó ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìbòjú yẹn ni wọn yóò máa fi dè é mọ́ tábìlì lójoojúmọ́, kí ọrùn rẹ̀ lè wà lójú kan náà gẹ́lẹ́ nígbà gbogbo. Wọ́n tún máa ń kìlọ̀ fún un pé kó má gbé itọ́ mì nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, nítorí gògóńgò máa ń fò sókè nígbà tí a bá ń gbé nǹkan mì. Níbi tí wọn kò bá ní irú ìbòjú bẹ́ẹ̀, tàbí tí wọn kò fi ẹ̀rọ CT, tó ń ya àwòrán inú ara, ṣètò ìtọ́jú, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó ní kí wọ́n ṣe ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún òun nítorí pé ẹbí rẹ̀ ní London ṣe é. Bákan náà, T2 tó tàn dé ibi tí ojú ìtànṣán ti gbọ́dọ̀ fẹ̀, kò yẹ ẹ́.

Egbò ọ̀fun ti ètò yìí máa ń dé kíákíá, ó sì lè le jù lẹ́yìn tí ìtọ́jú ti parí. Kí ẹni tó ń gbé òun nìkan wá ẹni tó máa bá a se ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ tí kò lata fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà ìkẹyìn.

Ètò kẹrin: ìwọ̀n àtijọ́, ìgbà mẹ́fà lọ́sẹ̀

Àwọn ará Denmark ni wọ́n fi ẹsẹ̀ èyí múlẹ̀. Ọgbọ́n wọn rọrùn: wọ́n fi 2 Gray lójúmọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n fi àpapọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní 66 sí 68 Gray, wọ́n kàn fi ìgbà kan kún ti ọ̀sẹ̀. Ìgbà kẹfà yẹn lè bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, tàbí kí wọ́n ṣe ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú wákàtí mẹ́fà ó kéré tán láàárín. Ọ̀sẹ̀ kan ni èyí dín kù, láti ọjọ́ 46 sí 39. Nínú ìwádìí DAHANCA 6 àti 7, tó gba ohun tó lé ní aláìsàn 1,400 láàárín ọdún 1992 sí 1999 tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2003, jẹjẹrẹ kò padà sí orí àti ọrùn ẹni 70 nínú 100 lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ní ìfiwéra pẹ̀lú 60 lọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ nígbà márùn-ún lọ́sẹ̀. Lára àwọn tí tiwọn jẹ́ ti gògóńgò, 80 nínú 100 ló pa ohùn wọn mọ́, dípò 68. Iye àwọn tó yè lápapọ̀ kò yàtọ̀. Egbò ọ̀fun tó le pọ̀ sí i, láti 33 sí 53 nínú 100, ṣùgbọ́n ó jinná.

Jẹjẹrẹ tó ti dàgbà pọ̀ nínú ìwádìí yẹn, nítorí náà a kò lè gbé nọ́ńbà wọn lé T1 lórí gẹ́lẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n ka ètò yìí sí fún àwa tí a wà nílé ní Nàìjíríà ni ti ìwádìí kejì tí Àjọ Àgbáyé fún Agbára Átọ́míìkì, IAEA, ṣe ní ilé ìwòsàn mẹ́sàn-án káàkiri Éṣíà, Yúróòpù, Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí owó àti ẹ̀rọ kò ti pọ̀. Èrè náà tún yọ níbẹ̀, 42 sí 30 nínú 100, ó sì jáde ní ọdún 2010. Ètò yìí kò béèrè ẹ̀rọ tuntun. Òṣìṣẹ́ tó máa wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ló béèrè. Ẹ̀rọ kóbọ́ọ̀tì, irú ti àtijọ́ tí ìtànṣán rẹ̀ ń wá láti ara irin kóbọ́ọ̀tì, lè ṣe é bí LINAC, ẹ̀rọ ìtànṣán tó ń lo iná mànàmáná, ṣe lè ṣe é, ìwọ̀n ojoojúmọ́ rẹ̀ tí kò yí padà sì jẹ́ kó dára fún T2 tí ojú ìtànṣán rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀.

Ètò karùn-ún: ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ìwọ̀n kékeré, 1.2 Gray, ni wọ́n ń ta láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, títí di 79.2 Gray nígbà 66. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí RTOG 9512 fi í wé 70 Gray nígbà 35 fún T2 lára ẹni 250: 78 sí 70 nínú 100, ìyàtọ̀ tí ìṣirò kò lè jẹ́rìí sí. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí ilé ìwòsàn nìkan ló lè fara da ìgbà 66. Iṣẹ́ abẹ oní-laser, tí wọ́n ń gba ẹnu ṣe láì la ọrùn, yẹ ní bíbéèrè ju èyí lọ fún ẹni tí T1 rẹ̀ kéré, tó sì wà láàárín tán-án-ná kan ṣoṣo; níbi tí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ bá ti mọ́, kò rẹlẹ̀ sí ìtànṣán, ọjọ́ kan ló ń gbà, ìtànṣán sì ṣì wà nílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú.

Ọjọ́ tó bá sọnù

Ètò yòówù kí ẹ mú, ọjọ́ tó já láàárín lè jẹ èrè rẹ̀ tán. Ní Bìrìtìkó, ẹgbẹ́ àwọn dókítà onítànṣán, Royal College of Radiologists, fi jẹjẹrẹ orí àti ọrùn sí ipò kìn-ín-ní nínú àwọn àrùn tí ìtọ́jú wọn kò gbọ́dọ̀ fi ju ọjọ́ méjì lọ kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá. Tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ohun tó tọ́ ni kí wọ́n san án padà láàárín ọ̀sẹ̀ náà: kí aláìsàn wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tàbí kó wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ Ẹtì, láago mẹ́jọ àárọ̀ àti láago méjì ọ̀sán ó kéré tán. Kí wọ́n kàn ti ọjọ́ tó sọnù sí ìparí ètò ni àṣà tó wọ́pọ̀, ó sì jẹ́ àṣà tí kò dára, torí iye ìgbà péye lóòótọ́ ṣùgbọ́n ọjọ́ ti gùn sí i. Àwọn tó ń ṣètò náà lè ran ara wọn lọ́wọ́ látìbẹ̀rẹ̀: ìgbà 20 tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé ń gba ọjọ́ 26, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ń gba 28. Sìgá náà ń ba iṣẹ́ ìtànṣán jẹ́ bí ẹni tó ń gbà á kò bá jáwọ́. Kò sí ètò tó lè sanwó ìyẹn.

Nípa ẹ̀rọ nílé, LINAC ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́, ó nílò iná tó dúró ṣinṣin, omi tútù àti ẹnjiníà tó súnmọ́ tòsí. Ní oṣù Kejì ọdún 2019 ni wọ́n ṣí ibùdó jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà, èyí tó sọ irú ẹ̀rọ yìí di ohun tí ará Èkó lè rí nítòsí. Kóbọ́ọ̀tì, tí wọ́n ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ní UCH Ìbàdàn, kì í bẹ̀rù iná bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ń dín sí ìdajì ní bíi ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́ta, àkókò tí aláìsàn á fi sùn lábẹ́ rẹ̀ á sì máa gùn. Ìwọ̀n tó ń gbà kò dín, ìlà ẹni tó ń dúró de ẹ̀rọ ló ń gùn sí i.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ní T1, tí ilé ìwòsàn rẹ̀ ní LINAC, ìbòjú àti CT, kó béèrè fún ìgbà 28. Ohun tí ẹ̀rí wà fún jù lọ nìyẹn láàárín àwọn tí wọ́n fi ìbò wádìí. Ẹni tó wà lọ́wọ́ NHS, ètò ìlera ìjọba Bìrìtìkó, tí wọ́n bá fún ní ìgbà 16 tàbí 20, kó gbà á tọkàntọkàn, àwọn tí ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn ni wọ́n ń ṣe é. Àgbàlagbà tí ìrìn ń nira fún, tàbí ẹni tó máa ti Adó-Èkìtì wá gba yàrá sùn l'Ékòó, lè bi dókítà rẹ̀ bóyá ìgbà 20 ṣeé ṣe níbẹ̀, bó bá sì sọ pé àwọn kò ṣe irú rẹ̀ rí, kó má rọ̀ wọ́n. T2 tó fẹ̀, tàbí ilé ìwòsàn tó ń lo kóbọ́ọ̀tì: ìgbà mẹ́fà lọ́sẹ̀, bí òṣìṣẹ́ bá wà. Ẹni tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn fún ju ìgbà 33 tàbí 35, kó mú un láìbẹ̀rù, kó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣọ́ àwọn ọjọ́ rẹ̀.

Ní ti owó, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá iye ìgbà ni wọ́n fi ń gbowó tàbí àpapọ̀ kan ni, nítorí ètò kúkúrú kì í dín owó kù níbi tí wọ́n ti ń gba àpapọ̀, àyàfi ti ọkọ̀ àti ibùsùn. Ẹ kó owó náà jọ tán kí ìgbà àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó sàn kí a fi ọ̀sẹ̀ kan dúró ká lè ní i pé ju kí a bẹ̀rẹ̀, ká wá dúró ní ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún láti lọ yá owó. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé: ìgbà mélòó ni ẹ̀rọ yìí bàjẹ́ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ sọnù nígbà náà, àti pé bí Iléyá, Kérésìmesì tàbí ìyanṣẹ́lódì bá bọ́ sáàárín, ta ni yóò wá ṣí ilẹ̀kùn.